Ìró Kò-kò-kò Lábẹ́ Ọkọ̀: Ohun Tí Ó Ń Sọ fún Awakọ̀

Ní òwúrọ̀, bí ọkọ̀ akérò bá kúrò ní gáráàjì Kétu tí ó dorí kọ Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ìró kan wà tí awakọ̀ máa ń gbọ́ tí àwọn èrò kì í kọbi ara sí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dún, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ìyá ọlọ́jà ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọn yóò ta gààrí. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti bọ́ sínú kòtò kékeré kan, ìró náà á ti abẹ́ ọkọ̀ wá: kò! Bí ó bá kan kòtò kejì, á tún dún: kò-kò! Awakọ̀ á gbọ́ ọ, á sì yí ohùn rédíò sókè kí ó má baà gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹlòmíràn sì wà tí kì í dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì gan-an, á lọ ra amọ́tísọ̀ tuntun méjì, á san owó iṣẹ́, á tún padà sójú ọ̀nà. Kí ó tó jáde ní ìlú, ìró náà á tún bẹ̀rẹ̀ bí ti àná. Awakọ̀ àkọ́kọ́ fi ẹ̀mí àwọn èrò wewu. Èkejì fi owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ṣòfò. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe: wọn kò wádìí ibi tí ìró náà ti ń wá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ rí. Kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé egungun kan ń ro òun, ṣùgbọ́n ó ń dún. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò mọ ẹ̀yà tó ń ké, yóò sì mọ̀ bóyá ó lè dúró di ìparí ọ̀sẹ̀ tàbí kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Láàrin ara ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti gba ìyà ojú ọ̀nà, kí ó má baà dé ara ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀.

Àkọ́kọ́ ni rẹ̀sọ́ọ̀, irin tí wọ́n ká bí ejò. Òun ló ru ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gun òkìtì, rẹ̀sọ́ọ̀ á súnkì. Bí ẹsẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀, á tún nà. Ṣùgbọ́n rẹ̀sọ́ọ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dúró. Bí ó bá dá wà, ọkọ̀ á máa fò sókè sódò lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan. Amọ́tísọ̀ ló ń mú kí ó dúró jẹ́ẹ́. Amọ́tísọ̀ jẹ́ ọ̀pá irin oníhò tí epo wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá inú rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀, epo náà ń gba ojú ihò tóóró kọjá pẹ̀lú agbára káká, ìfò ọkọ̀ á sì rọlẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń ná ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, rẹ̀sọ́ọ̀ iwájú yí amọ́tísọ̀ ká, àwọn méjèèjì sì dúró bí òpó kan ṣoṣo. Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú òpó yìí kalẹ̀ láàrin ọdún 1940 sí 1950. Peugeot 504, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1968, tí ó sì di ọkọ̀ akérò káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ní òpó yìí níwájú. Toyota Corolla tó pọ̀ lójú ọ̀nà lónìí náà ní i. Nítorí náà, ohun tí awakọ̀ bá kọ́ lára ọ̀kan yóò wúlò fún un lára èkejì.

Apá irin kan ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nísàlẹ̀. Ní ìpẹ̀kun apá náà ni rótúlù wà. Rótúlù jẹ́ irin tí orí rẹ̀ rí roboto, tó sì wà nínú ihò rẹ̀ bí orí egungun itan ṣe wà nínú egungun ìbàdí. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yí sọ́tùn-ún àti sósì, kí ó sì lè gòkè kí ó sọ̀kalẹ̀, láìjá kúrò lára apá irin.

Ní ìpẹ̀kun kejì apá náà, níbi tí ó ti so mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n fi róbà líle sáàrin irin méjì kí irin má baà gbá irin. Silẹ́ńbúlọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ti wá. Níwọ̀n ìgbà tí róbà náà bá pé, abẹ́ ọkọ̀ á dákẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni irin gígùn tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá ń yà sí kọ̀rọ̀. Ọ̀pá kúkúrú méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ló de irin náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì ni orúkọ ọ̀pá kúkúrú yìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń tètè gbó

Kò sí ẹ̀yà kan nínú àwọn wọ̀nyí tí kì í gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àti ẹrù ni ó ń pinnu bí yóò ti yára tó. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó dán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe wàhálà púpọ̀. Lórí àwọn ọ̀nà amọ̀ pupa tó ti inú oko wọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà náà máa ń wú gẹ́gẹ́ bí páànù tí wọ́n fi bo ilé. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba ìkúùkù léraléra láìsinmi, epo inú amọ́tísọ̀ á gbóná, róbà á sì máa ya. Ní ìgbà òjò, omi á gbẹ́ kòtò, ẹrẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, awakọ̀ kò sì ní mọ bó ti jìn tó àfi ìgbà tí ó bá já sí i.

Ẹrù tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn márùn-ún a máa gbé méje, pẹ̀lú àpò àgbàdo lórí àti nínú búùtù. Rẹ̀sọ́ọ̀ tí ó ti súnkì tán kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀ kò ní àyè láti súnkì mọ́ nígbà tí kòtò bá dé. Ìgbà náà ni irin á gbá irin.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà sì ti lo ọdún púpọ̀ ní Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ra róbà tó ti darúgbó pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀dà ara ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń dán.

Ìbéèrè mẹ́rin kí wọ́n tó tú ohunkóhun

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í mú irinṣẹ́ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Á ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awakọ̀. Apá ibo ló ti ń dún? Ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ ìjánu ni, àbí ìgbà tí ẹ bá ń yà sí kọ̀rọ̀?" Bí awakọ̀ bá kàn dáhùn pé, "Bàbá, ó ṣáà ń dún," iṣẹ́ á pẹ́, owó á sì pọ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí awakọ̀ ní ìdáhùn sí. Èkíní: níbo ni ó ti ń dún, níwájú ni tàbí lẹ́yìn, lọ́tùn-ún ni tàbí lósì? Èkejì: nígbà wo ni ó ń dún, nínú kòtò, nígbà tí ó bá tẹ ìjánu, nígbà tí ó bá ń yí ìtọ́kọ̀, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra? Ẹ̀kẹta: báwo ni ó ṣe ń dún, ṣé ó fúyẹ́ ni tàbí ó wúwo? Ẹ̀kẹrin: láti ìgbà wo, kí ni wọ́n sì ṣe sí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn?

Ó dára kí awakọ̀ fi kálámù kọ ìdáhùn wọ̀nyí sínú ìwé kékeré kan ní kété tí ó bá dúró. Ìró tí ènìyàn gbọ́ ní ọjọ́ Ajé, bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò ti dàrú mọ́ ti ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹnì kan bá sì jókòó sẹ́yìn, kí ó bá awakọ̀ fetí sí i, nítorí pé ìró abẹ́ ọkọ̀ máa ń tan etí ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ jẹ.

Ohun tí kò ná owó ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ amọ́tísọ̀, àwọn nọ́ọ̀tì tó de ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táyà. Nọ́ọ̀tì tí kò le dáadáa a máa mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa gbọ̀n, kí ó sì máa dún. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè yọ lójú ìrìn. Irinṣẹ́ ìtú ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo búùtù. Táyà ìpààrọ̀ tí wọn kò dè, irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè, kẹ́ẹ̀gì epo: ohun kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí lè máa gbá páànù ọkọ̀ bí ẹni pé amọ́tísọ̀ ló ti bàjẹ́. Kí wọ́n tún fi ọwọ́ mi ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde nígbà tí ó bá ti tutù. Bí róbà tó gbé e kọ́ bá ti já, yóò máa gbá abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo kòtò.

Ìjánu náà lè dún. Bí ìró bá ń wá lójú ọ̀nà págunpàgun, kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ìjánu díẹ̀ láìdá ọkọ̀ dúró. Bí ìró náà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yà ìjánu ló ń mì, kì í ṣe àwọn ẹ̀yà tó ru ọkọ̀.

Ohùn kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín

Bí gbogbo èyí bá dára tí ìró kò sì lọ, ohùn rẹ̀ ni yóò fọ̀nà hàn.

Kò-kò-kò tó fúyẹ́, tó ń yára tẹ̀lé ara wọn, tó ń wá láti iwájú nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́: bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ìdánwò kan wà fún un. Kí awakọ̀ gun òkìtì tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà láti dín eré kù, kí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sì gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ibi tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yóò ti gun òkè. Bí ìró bá dákẹ́ ní àkọ́kọ́ tí ó sì dún ní ìkejì, ọ̀rọ̀ bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì tàbí róbà irin gígùn náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé irin tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ gòkè.

Gbì! tó wúwo nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, tí orí ọkọ̀ sì tún ń fò lẹ́yìn náà: amọ́tísọ̀ ti rẹ̀. Kí wọ́n wo ara rẹ̀. Bí epo bá ti tutọ̀ sí i lára tí eruku sì lẹ̀ mọ́ epo náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kí ẹnì kan tẹ igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tó dára á gòkè, á sì dúró. Bí ó bá fò ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dúró, amọ́tísọ̀ igun náà kò lágbára mọ́. Síbẹ̀, amọ́tísọ̀ lè yege nínú ìdánwò yìí kí ó sì tún máa dún, bí ibi tí wọ́n ti de e mọ́ ara ọkọ̀ bá ti tú.

Ìró tó ń wá nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tí awakọ̀ sì ń yí ìtọ́kọ̀: kí wọ́n wo orí òpó amọ́tísọ̀. Róbà àti irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí òpó náà lè yí. Bí ó bá ti gbó, rẹ̀sọ́ọ̀ kì í yí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Á há, á sì já padà lójijì pẹ̀lú ariwo. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé orí òpó náà, nígbà tí ẹlòmíràn ń yí ìtọ́kọ̀, yóò mọ ìfòyà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìkúùkù kan ṣoṣo, bí ẹni pé ènìyàn ta abẹ́ ọkọ̀ nípàá nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu tàbí tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra: silẹ́ńbúlọ́ọ̀kì apá irin ni. Róbà ti ya, apá náà sì ń lọ síwájú àti sẹ́yìn. Ojú nìkan lè rí i. Róbà tó dára kún ojú ihò rẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ á lá, á sì ya kúrò lára irin.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́ tó ń wá nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà sí kọ̀rọ̀ tóóró tí awakọ̀ sì ń fún un ní iná: èyí kì í ṣe ti àwọn ẹ̀yà tó ru ọkọ̀ rárá. Kádánì, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ̀rọ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni ó ń ké. Bí róbà tó bò ó bá ti ya, gírísì á ti fọ́n sí inú ẹsẹ̀ ọkọ̀, eruku á sì ti wọlé.

Rótúlù kì í dúró de ọjọ́ ọjà

Ohùn kan ṣẹ́kù tí kò yẹ kí awakọ̀ kankan gbójú fò. Ó máa ń dún kọ́! lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níwájú, nígbà tí ó bá yí ìtọ́kọ̀ tàbí tí ó bá tẹ ìjánu. Ọkọ̀ á máa fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, táyà á sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Rótúlù ló ń sọ̀rọ̀.

Bí bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì bá já, ọkọ̀ á pariwo, á sì tẹ̀ díẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó lè délé. Bí rótúlù bá yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, kò sí ohun tó di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú mọ́. Ẹsẹ̀ náà á wó sábẹ́ ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ kò ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu, ọkọ̀ tó kún fún ènìyàn á sì lọ síbi tó bá wù ú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú gáráàjì, ìtìjú ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà, tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń bọ̀ níwájú, òkú lè sùn.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le. Kí wọ́n fi òkúta dí àwọn ẹsẹ̀ tí wọn kò ní gbé. Kí wọ́n gbé ara ọkọ̀ sókè títí ẹsẹ̀ iwájú náà yóò fi kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìtì igi tàbí irin ìgbéró tó lágbára tì í. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí kíríìkì nìkan gbé dúró; kíríìkì lè yọ̀ nígbàkígbà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di ẹsẹ̀ náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa tì í wọlé, kí wọ́n máa fà á jáde. Bí ó bá ń mì, kí ẹnì kan wọlé lọ tẹ ìjánu mọ́lẹ̀. Bí mímì náà bá dópin, rúlúmọ̀ tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ti gbó. Bí ó bá ṣì ń mì, kí wọ́n wo rótúlù. Kí wọ́n fi irin gígùn kan tẹ apá irin sókè sódò, kí ojú wà lára rótúlù. Bí orí rẹ̀ bá ń ṣí kúrò nínú ihò, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ìparí, kí wọ́n di ẹsẹ̀ náà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n mì í bákan náà. Èyí ń fi rótúlù kékeré ti ìtọ́kọ̀ hàn, ewu rẹ̀ kò sì kéré sí ti àkọ́kọ́.

Àtúnṣe tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́

Ìka tó tọ́ sí imú ni wọ́n fi ń ro imú. Bí wọ́n bá ti mọ ẹ̀yà tó ń dún, òun gan-an ni kí wọ́n pààrọ̀. Owó bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀ sí owó amọ́tísọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn àwọn méjèèjì ti pa owó mọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀.

Amọ́tísọ̀ ní òfin tirẹ̀: méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì sì rọ̀, ọkọ̀ kò ní tẹ̀ bákan náà nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń há rẹ̀sọ́ọ̀ mọ́ra kò gbọdọ̀ tú òpó amọ́tísọ̀. Agbára tó wà nínú rẹ̀sọ́ọ̀ tó súnkì lè fọ́ egungun ènìyàn, ó sì lè pa á.

Silẹ́ńbúlọ́ọ̀kì náà ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀. Kí wọ́n má ṣe lé nọ́ọ̀tì rẹ̀ le pátápátá nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá wà lófuurufú. Kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, kí wọ́n tó lé e le. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, róbà náà á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kò sì ní pẹ́ ya.

Ní ti rótúlù, tuntun ni kí wọ́n rà. Kò sí ojú tó lè wo rótúlù àlòkù kí ó mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Àwọn kan a máa fi gírísì kún un, àwọn mìíràn a máa fi òòlù gbá ihò rẹ̀ kí ó lè há, àwọn kan sì ń gé róbà táyà láti fi dí àlàfo. Ìró á dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò lọ. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ pa ẹnu ajá tó ń gbó mọ́, olè sì ṣì wà nínú ilé.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rótúlù, apá irin tàbí òpó amọ́tísọ̀ tán, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní parallélisme. Ẹsẹ̀ tí kò dúró gbọọrọ á jẹ táyà tuntun run láàrin ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n tún dán gbogbo nọ́ọ̀tì tí wọ́n tú wò.

Ẹ̀yà wo ló lè dúró, èwo ni kò lè dúró

Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló ní owó lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìró bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ó mọ èyí tó lè dúró. Bíẹ̀lẹ́ẹ̀tì àti róbà ọ̀pá èéfín lè dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Amọ́tísọ̀ àti silẹ́ńbúlọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí pé ọkọ̀ tí amọ́tísọ̀ rẹ̀ ti kú máa ń pẹ́ kí ó tó dúró nígbà tí wọ́n bá tẹ ìjánu. Kí awakọ̀ dín eré àti ẹrù kù títí yóò fi pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bá ń tú, tàbí tí rótúlù bá ń ṣí, kí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn. Owó ọjọ́ kan tí awakọ̀ pàdánù kò tó ẹ̀mí ẹnì kan.

Kíkà àti kíkọ wúlò níhìn-ín pẹ̀lú. Lára páálí ẹ̀yà ọkọ̀ àti lára ìwé owó tí olùtajà ń kọ, èdè Faransé ni orúkọ wọn wà: amortisseur, rotule, silentbloc, biellette. Awakọ̀ tó bá lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí yóò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi sí ọkọ̀ òun. Kí ó ní kí mẹkáníìkì kó ẹ̀yà àtijọ́ fún òun; kí ó fi ọwọ́ mì í, kí ó sì wo ibi tó ti jẹ. Nígbà tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá tún dún, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ẹni tó ni ín.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí awakọ̀ tó gbéra ní gáráàjì, kí ó rọ ohùn rédíò sílẹ̀ fún kìlómítà méjì àkọ́kọ́, kí ó sì gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ń sọ.